Ọjọ́ Tí Mọ́mì Sọnù Nínú Iyanrìn

Dádì mi àtàtà,

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn, torí ẹ kì í fẹ́ kí èèyàn máa yí ọ̀rọ̀ po: ara Mọ́mì ti yá. Kì í ṣe pé wọ́n ṣàìsàn o. Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n ti ń jẹun, wọ́n ti ń bá èèyàn jiyàn, wọ́n sì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nínú bálùwẹ̀ débi pé ẹni tó ń gbé lókè wa ń fẹsẹ̀ kilẹ̀.

Ibi tí ara wọn ti yá ni ẹ ò ní gbà gbọ́. Inú aṣálẹ̀ ni, ní Mòrókò, níbi àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà, láàárín àwọn èèyàn tó fi ọ̀dà kun ara wọn láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ jókòó, kí n rò ó fún yín.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, Mọ́mì gba àga yín, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ibùdókọ̀. Wọ́n á jókòó síbẹ̀ látàárọ̀, wọ́n á máa wo bọ́ọ̀sì. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà, ohun tó sì dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Ẹ rántí bí ẹ̀yin méjèèjì ṣe máa ń lọ sí ọjà Rye Lane ní Peckham níbí ní gbogbo Sátidé, tí ẹ̀yin á gba apá ibi tí ọkọ̀ ń gbà, tí àpò Mọ́mì á wà lápá yín, tí ẹ á máa ná ẹja tí ẹ mọ̀ pé ẹ ò ní rà. Mọ́mì á máa fà yín láṣọ pé kí ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́ja rí ẹlòmíì tà fún. Wọn ò lọ mọ́. Ìyàwó pásítọ̀ wá bẹ̀ wọ́n wò títí, wọ́n ní orúnkún ló ń dun àwọn. Orúnkún kankan ò dùn wọ́n.

Èmi náà kó ẹrù mi kúrò nílé tí mo háyà, mo padà sí yàrá mi àtijọ́. Tí mo bá ti kúrò ní ilé ìwé ní Bermondsey, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní aṣọ rírán, mi ò ní yà sí ibì kankan. Mo ń sáré wálé, mo ń se ìrẹsì, Mọ́mì á fi ṣíbí yí i kiri nínú àwo, tí mo bá sì kẹ̀yìn, wọ́n á ki búrẹ́dì bọ inú tíì. Tí wọ́n bá ti lọ sùn, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn kí n lè gbọ́ bóyá wọ́n ń mí. Mo rò pé ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn. Ohun tí ẹ sọ fún mi kẹ́yìn ní ọsibítù nìyẹn, pé kí n má fi Mọ́mì sílẹ̀. Mo sì di ọ̀rọ̀ náà mú gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ rí báyìí ni àwọn tó ń ṣe àjọ̀dún náà pè mí sí Mòrókò. Wọ́n fẹ́ kí n gbé ọ̀kan nínú àwọn aṣọ ńlá tí mo máa ń rán pọ̀ wá, kí wọ́n ta á sókè nínú aṣálẹ̀, kí àwọn èèyàn máa rí ibòji. Dádì, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ohun tí mo máa ń fi àwọn aṣọ yẹn ṣe? Ẹ máa ń bá mi di etí rẹ̀ mú ní kọ́rídọ̀, tí màá máa wọ̀n ọ́n láti ọ̀dọ̀ yín títí dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ ò bi mí léèrè rí. Ẹ kàn máa ń sọ pé kí n ṣọ́ra fún abẹ́rẹ́.

Kọ́tìnì àtijọ́ ni mo fi rán èyí. Mo kanlẹ̀kùn kiri gbogbo ilé wa, àwọn ará ilé sì ń fún mi ní èyí tí wọn ò lò mọ́. Mọ́mì nìkan ni kò fún mi. Wọ́n ní kọ́tìnì àwọn kì í ṣe àkísà.

Bùọ̀dá mi ló yẹ kó wá láti Manchester kó wá dúró ti Mọ́mì. Nígbà tó ku díẹ̀ kí n lọ, ara ọmọ rẹ̀ ò yá, kò sì lè wá mọ́. Mo jókòó sí tábìlì ìdáná, mo fẹ́ kọ̀wé sí wọn ní Mòrókò pé mi ò wá mọ́. Mọ́mì dúró sí mi lẹ́yìn.

"Ṣé torí mi ni o ò ṣe ní lọ?"

"Rárá o, Mọ́mì. Iṣẹ́ ló pọ̀."

"Irọ́ lò ń pa. Bí bàbá rẹ ṣe máa ń ṣojú nìyẹn tó bá fẹ́ purọ́ fún mi. Èmi náà máa bá ẹ lọ."

Mo rẹ́rìn-ín. Mọ́mì ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì gbé páàsìpọ́ọ̀tù wọn jáde, èyí tí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ gbà torí Kérésì tí ẹ fẹ́ lọ ṣe nílé. Kò tíì sí òǹtẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e síwájú mi lórí tábìlì, wọ́n ní, "Ó máa ṣòfò ni bí?"

Bí a ṣe lọ nìyẹn. Ní pápákọ̀ òfuurufú, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ da àpò Mọ́mì sílẹ̀, wọ́n bá gàrí. Ọkùnrin tó ń yẹ ẹrù wò béèrè pé kí ni. Mọ́mì ní oúnjẹ ni. Ó ní irú oúnjẹ wo. Mọ́mì wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Èyí tó ń yó èèyàn." Ó dì í padà fún wọn.

Ọ̀nà tó lọ sí aṣálẹ̀ yẹn gba orí òkè, ó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, kò sí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àfi ọ̀gbun. Gbogbo kọ́nà la ń pe Jésù. Ní ibì kan tí mo ti dijú, mo gbọ́ tí Mọ́mì ń dá sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ wa ọkọ̀ yẹn, àwọn ì bá ti sùn. Mo wojú wọn. Omi ò sí lójú wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa dárúkọ yín tí wọn ò ní sunkún.

Dádì, ibẹ̀ yẹn lẹ́wà. Iyanrìn náà pọ́n bíi gàrí elépo, ó sì lọ títí tí ojú ò fi rí òpin rẹ̀. Wọ́n fi àgbá kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ràkúnmí kan tó ga ju ilé lọ. Àwọn kan wà tó fi ọ̀dà búlúù kun gbogbo ara, tí wọ́n kàn ń rìn lọ rìn bọ̀ láìsọ̀rọ̀. Mọ́mì béèrè bóyá àwọn ìyá wọn mọ ibi tí wọ́n wà. Ẹnì kan sì ri àwọn ilẹ̀kùn mọ́lẹ̀, ilẹ̀kùn lásán, kò sí ilé, kò sí ògiri. Gbogbo èèyàn ń gba inú wọn kọjá. Mọ́mì dé ibi èyí àkọ́kọ́, wọ́n dúró, wọ́n sì kanlẹ̀kùn.

"Mọ́mì, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀."

"Ṣé ilé rẹ ni?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan tó wà lódì kejì ló dáhùn pé kí wọ́n wọlé. Mọ́mì nu ẹsẹ̀ wọn nínú iyanrìn, wọ́n wọlé, wọ́n ní, "Ẹ kúulé o." Ọmọ yẹn ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, àmọ́ ó tẹrí ba gan-an. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ìjì dé.

Ojú ọjọ́ dára láàárọ̀. Mọ́mì ní àwọn máa dúró sínú àgọ́ wa, àwọn fẹ́ ka Bíbélì. Èmi àti àwọn kan tó ń ràn mí lọ́wọ́ lọ ta aṣọ náà sórí òpó. A ti ń parí lọ kí n tó rí i pé ọ̀run ti yí àwọ̀ padà, ó ti dà bí omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀. Obìnrin kan tó wà lára àwọn tó ń bójú tó àjọ̀dún náà, Nádíà lorúkọ rẹ̀, sáré kọjá, ó ń pariwo pé kí a so gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀ kí a sì wá ibi forí pamọ́ sí. Afẹ́fẹ́ kó sínú aṣọ náà, ó wú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà wá. Mo di okùn mú. Mo fi ẹsẹ̀ gúnlẹ̀, ọwọ́ mi ń bó. Ìgbà náà ni obìnrin amọ̀kòkò tí àgọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa sáré dé ọ̀dọ̀ wa, ó fi aṣọ bojú. Mo bi í pé Mọ́mì mi ńkọ́.

"Mo rí wọn tí wọ́n ń rìn lọ," ló wí. "Ó ti ṣe díẹ̀. Mo rò pé ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n ń bọ̀."

Mo ju okùn sílẹ̀.

Mi ò bojú wẹ̀yìn wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aṣọ. Mo sáré lọ sí àgọ́ wa. Bíbélì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí sílẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wà níbẹ̀. Ìgò omi wọn wà níbẹ̀, ó kún. Mo sáré jáde. Iyanrìn ń ta mí lójú, ó ń wọ̀ mí lẹ́nu, mi ò rí ju apá mi lọ. Mo ń pariwo, "Mọ́mì! Mọ́mì!" Ó wá sọ sí mi lọ́kàn pé níbi tí gbogbo èèyàn ti ń pariwo yìí, wọn ò lè mọ̀ pé àwọn ni mò ń pè. Mo bá pe orúkọ wọn. Dádì, mo pe orúkọ tí ẹ̀yin nìkan máa ń pè wọ́n, mo fi gbogbo ohùn mi pè é. Ẹ má bínú. Kò sí ẹni tó dáhùn.

Nádíà ló gbá mi mú láti ẹ̀yìn tó sì wọ́ mi sínú kọ̀ńténà irin kan. Ó lágbára ju bó ṣe rí lọ. Ó ní tí èmi náà bá sọnù, ẹni méjì ni àwọn máa wá. Ó ń bá àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò ọwọ́ rẹ̀, ìjì ń gbá irin náà bí ẹni fẹ́ fọ́ ọ. Mo jókòó sílẹ̀. Mo fẹ́ gbàdúrà, àdúrà ò wá. Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mò ń sọ pé mi ò fi wọ́n sílẹ̀ o, mo kàn lọ so aṣọ ni. Mò ń sọ pé báwo ni màá ṣe padà sí Peckham láti lọ ṣílẹ̀kùn ilé yẹn lémi nìkan. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mo máa ń ronú lé e pé ṣé ẹ gbọ́ mi.

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tí ìjì náà ń rọlẹ̀, ẹnì kan sọ nǹkan lórí rédíò lédè Faransé. Nádíà dá a lóhùn, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ń fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Ìyá àgbàlagbà kan wà nílé ìdáná," ló sọ fún mi. "Wọ́n ní ó ń yọ wọ́n lẹ́nu nípa ata."

Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Ilé amọ̀ kan ni ilé ìdáná náà, ó wà lẹ́yìn gbogbo àgọ́, níbi tí àwọn obìnrin abúlé náà ti ń se oúnjẹ fún gbogbo wa. Mo yọ sẹ́nu ọ̀nà. Mọ́mì jókòó sórí àpótí láàárín èéfín. Wọ́n ti wé aṣọ búlúù gígùn mọ́ wọn lórí, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ wọn, àlùbọ́sà kún itan wọn. Obìnrin kan tó sanra jù wọ́n lọ, tó sì dàgbà tó wọn, dúró sí iwájú wọn, ó fọwọ́ méjèèjì mú ìbàdí. Mọ́mì ń sọ Yorùbá. Obìnrin náà ń sọ èdè tiẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè ẹnì kejì, wọ́n sì ń dá ara wọn lóhùn dáadáa.

"Ẹ ò sì fi ata sí i! Kárọ́ọ̀tì nìkan lẹ fẹ́ fi se ọbẹ̀?"

Obìnrin náà sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan, ó fọwọ́ lu àyà.

"Mo gbọ́. Mo gbọ́ yín. Ẹ ṣáà fi díẹ̀ sí i."

Ìgbà náà ni wọ́n rí mi.

"Háà! Ta ló da yẹ̀pẹ̀ lé ẹ lórí?"

Mo kúnlẹ̀, mo gbá ẹsẹ̀ wọn mú, mo sì sunkún bí mi ò ṣe sun ún lọ́jọ́ tí a sin yín. Àlùbọ́sà dà nù. Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n ń gbọn iyanrìn kúrò lórí mi.

"Ó tó. Ó tó, ọmọ mi. Ṣé o rò pé mo ti kú ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mi ò kú. Mo kàn rìn jáde ni."

Àwọn obìnrin náà fún wa ní tíì tó dùn jọjọ, tí ewé tútù wà nínú rẹ̀. Mọ́mì wá ń ṣàlàyé fún mi. Wọ́n ní àwọn ń ka Bíbélì lọ ni àwọn gbọ́ tí àwọn obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín lókèèrè, irú ẹ̀rín tí àwọn obìnrin máa ń rín tí kò bá sí ọkùnrin nítòsí. Àwọn bá tẹ̀ lé e. Kí ìjì tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ti ń bó àlùbọ́sà.

"Mo dúró lẹ́nu àgọ́ yẹn," ni wọ́n wí, "mo ní ẹ jẹ́ kí n wò ó bóyá ẹsẹ̀ mi ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń dá rìn. Bàbá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí. Bó ṣe lọ, ìwọ lo tún bọ́ síbẹ̀. O wá ń ṣọ́ mi bí ẹni ń ṣọ́ mílíìkì lórí iná. Mo máa ń gbọ́ ẹ lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi o. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n hanrun kí ọkàn rẹ lè balẹ̀."

Ojú tì mí. Mo ní, "Dádì ló ní kí n má fi yín sílẹ̀."

Mọ́mì gbé ife wọn sílẹ̀.

"Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ní ọsibítù."

"Ohun tó sọ fún èmi náà nìyẹn. Ó ní kí n má fi ẹ́ sílẹ̀. Ó ní ojú rẹ le, àmọ́ ọkàn rẹ ò le. Kí lo rò pé mo ń jókòó sí ilé ṣe? Tí o bá ti ń sáré bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ṣé kí o wá bá ilé lófìfo? Mo ní kí n máa wà níbẹ̀ kí o lè máa rí mi."

Dádì! Ẹ wò ó! Gbogbo ìgbà yẹn, mò ń sáré wálé torí wọn, àwọn náà ò sì jáde nílé torí mi. A ti ara wa mọ́lé. Mọ́mì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn wọn lọ́hùn-ún, ejìká wọn ń mì, èmi náà sì bú sẹ́rìn-ín, àwọn obìnrin náà ò sì mọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín àmọ́ wọ́n bá wa rín in. Ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni? Àbí ìrora ò jẹ́ kí ẹ rántí pé ẹ ti sọ ọ́ fún ẹnì kan? Mo fẹ́ràn láti máa rò ó pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mọ́mì ní rárá, pé bí ẹ ṣe rí náà nìyẹn, pé tí ẹ bá fẹ́ jáde nílé, ẹni mẹ́ta lẹ máa ń sọ fún kó tilẹ̀kùn.

Aṣọ mi ya. Ìjì pín in sí méjì, ó sì fi ìdajì wé ọrùn ràkúnmí tí wọ́n fi àgbá kẹ̀kẹ́ ṣe yẹn. Mo wò ó, kò tiẹ̀ dùn mí. Lọ́jọ́ kejì, Mọ́mì àti àwọn obìnrin ilé ìdáná kó abẹ́rẹ́ wá, a jókòó yí i ká nínú iyanrìn, a sì rán an pọ̀ pẹ̀lú òwú ńláńlá tí gbogbo ojú lè rí. A ta á, kò ga bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn ń wá sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí oòrùn mú, àwọn kan ń sùn, àwọn kan ń fún ọmọ lọ́mú. Mọ́mì gbójú sókè, wọ́n ń wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú kọ́tìnì àwọn ará ilé wa kọjá.

"Ohun tí o máa ń rán nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ò sọ fún mi pé abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí. Mo rò pé fèrèsé olówó kan lò ń rán an fún."

Ohun kan ṣoṣo tó dùn mí nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn, Dádì, pé ẹ bá mi di etí aṣọ mú fún ọdún púpọ̀, ẹ ò sì jókòó sábẹ́ rẹ̀ rí. Ẹ ì bá fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ ì bá bọ́ bàtà yín, ẹ ì bá fi àkẹtẹ̀ bojú, kò sì ní pẹ́ tí ẹ máa sùn lọ.

Mo ti padà sí ilé tí mo háyà ní Camberwell. Mọ́mì fúnra wọn ló bá mi di ẹrù, wọ́n sì yára sí i díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ti padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ti bá ẹgbẹ́ akọrin jà. Àwọn àti obìnrin ilé ìdáná yẹn ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ara wọn lórí fóònù, kálukú lédè tiẹ̀. Tí mo bá bi wọ́n pé kí lobìnrin náà sọ, wọ́n á ní kò kàn mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n dá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Brixton lọ ra ata gbígbẹ, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Mòrókò.

Mo pe Mọ́mì kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Fóònù wọn dún títí, wọn ò gbé e. Mo tún pè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kàn ń dún ni. Mi ò mọ ibi tí wọ́n wà, Dádì. Mi ò mọ̀ rárá. Mo fẹ́ lọ jẹun, kí n wá sùn.

Ìfẹ́ mi sí yín ò dín kù,
Ọmọ yín, tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀.